Leeds ní lẹ́tà, Èkó ní ìyá

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ń gbé báyìí ní ìlú Leeds, tí obìnrin bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò rẹ̀, kò ní í tíì pé ọmọ ọdún 25 tí lẹ́tà á ti dé: kó wá, wọ́n fẹ́ yẹ ẹnu ilé-ọmọ rẹ̀ wò, bóyá kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Bó bá ṣe bí ẹni tí kò rí i, wọ́n á kọ òmíràn. Láàárín ọdún 50 sí 53, lẹ́tà àyẹ̀wò ọmú á bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, títí tó fi máa pé 71. Láti 50 náà ni ike kékeré kan á ti máa wá láti ilé ìfìwéránṣẹ́, pé kó fi ìgbẹ́ rẹ̀ bíńtín sínú rẹ̀ kó dá a padà, nítorí jẹjẹrẹ ìfun. (Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Lafíàjì, búra pé òun ò ní fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rán ẹnikẹ́ni. Ó padà fi rán wọn.) Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ lẹ́tà wọ̀nyí tó mọ̀ mí. Kọ̀ǹpútà ló mọ ọjọ́ orí mi.

Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n bí mi sí ò lo kọ̀ǹpútà fún irú iṣẹ́ yẹn. Ojú ni wọ́n ń lò. Tutọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójú pópó ní Òkè Àrin, ìyá tó ń ta gaàrí á ti wò ọ́ látòkè délẹ̀, á ní, "Ìyàwó wa, ṣé ó ti dúró?" Kí ọkọ rẹ tó gbọ́, agbo ilé ti gbọ́. Mo fẹ́ràn ojú yẹn, ó sì tún máa ń sú mi. Ìgbà tí mo jìnnà sí i ni mo tó rí i pé ó ní àsìkò tó ń là. Ọjọ́ ìgbéyàwó ló ń là, ọjọ́ tí wọ́n bá já àbíkẹ́yìn lẹ́nu ọmú ló ń padé. Ohun tó bá ṣe obìnrin ṣáájú ìyẹn, tàbí lẹ́yìn rẹ̀, òun ló mọ bó ṣe máa ṣe é.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí èmi gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: ọkùnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ọ́ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ wo ló ti pọ̀ jù, inú rírun wo ló yẹ kó gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tó dárúkọ wọn. Àwọn ọmọ Leeds ń kọ́ ọ ní kíláàsì, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n a sì máa sọ ọ́ nídìí oúnjẹ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ìjọba wọn yọ owó orí kúrò lórí páàdì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, Scotland tilẹ̀ ṣòfin pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó, àbúrò mi tó ń gbé Yábàá ní iye tí páàdì gbówó lórí báyìí, àkísà tí àwọn ìyá wa lò ti ń padà wọlé àwọn kan.

Ní ti abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, Èkó ti ń bá wọn bọ̀. Láti ọdún 2008 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gún un fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 12 sí 13 nílé ẹ̀kọ́. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, fún ọmọ ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan, ọ̀fẹ́, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Kí wọ́n tó gún ọmọ kankan ni WhatsApp ti gbé e kiri pé abẹ́rẹ́ àìrọ́mọbí ni. Àbúrò mi pè mí. Mo ní àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gún níbí ti dàgbà, wọ́n ń gbé ọmọ tiwọn náà kiri báyìí. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ò tíì dárí jì í.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìju, kókó inú ilé-ọmọ tí wọ́n ń pè ní fibroid, nítorí mi ò mọ ìdílé tí kò wọ̀. Àwa obìnrin dúdú ń ní in ju àwọn òyìnbó lọ, ó sì máa ń tètè bá wa. Ní Èkó, gbogbo èèyàn ló ní oògùn ìju. Lọ sí Ojúwòyè ní Mushin, lẹ́kúlẹ́ja á di egbò àti èèpo fún ọ, á sì sọ ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ á yọ́ dànù. Mi ò tíì rí ẹni tí tiẹ̀ yọ́. Ohun tí mo rí ni pé bí wọ́n ṣe ń mu àgbo náà ni ẹ̀jẹ̀ ń dà, obìnrin á máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, àwọn ará ilé á ní ó ti sanra jù. Ẹ̀jẹ̀ ló ti tán lára rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán á ti fi hàn, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí kò wọ́n rárá á sì ti gbé e dìde kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ìju fúnra rẹ̀.

Ní Leeds wọ́n tètè fi ẹ̀rọ wo tèmi, wọ́n rí wọn, dókítà kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá, mo sì bọ́ sórí ìlà. Háà, ìlà! Àwọn obìnrin tó ń dúró de dókítà àìsàn obìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 500,000 lọ. Ìrora ò mọ̀ pé wọ́n ti kọ orúkọ ẹ sílẹ̀. Olówó Èkó á gba ilé ìwòsàn aládàáni lọ lónìí, wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó tó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò lówó, àfi tó bá ti wà lórí ètò adójútòfò Ìlera Èkó, tí ètò náà sì gbà láti san irú owó bẹ́ẹ̀, yóò padà sí Ojúwòyè. Mo máa ń bínú sí ìlà yẹn gan-an, ṣùgbọ́n mi ò fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Tó bá di ti oyún, ẹ jẹ́ kí n yin ìlú mi. Lọ sí Island Maternity lọ́jọ́ tí àwọn aboyún ń gba ìtọ́jú, orí bẹ́ńṣì á ti kún kí oòrùn tó mú. Nọ́ọ̀sì á dá orin, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa jó pẹ̀lú ikùn ńlá, inú orin náà sì ni ẹ̀kọ́ wà: ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ tó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ẹni tí kò kàwé á gbọ́, á sì rántí. Ní Leeds, èmi àti agbẹ̀bí nìkan ni, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láàárín wa. Ó mọ̀wàá hù, ó ń wo aago. Ṣùgbọ́n gbogbo oògùn tí wọ́n kọ fún mi, àti ìtọ́jú eyín mi, mi ò san kọ́bọ̀ títí ọmọ fi pé ọdún kan. Ìwé tí wọ́n ń kó lé aboyún lọ́wọ́ ní Èkó, ìwé ọjà ni: Izal, Dettol, òwú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, páàdì ńlá, wọ́n á tún ní kí ọkọ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ á gba Ìdúmọ̀tà lọ, nítorí ibẹ̀ ló ti dínwó, á sì máa wá ẹni tó máa bá òun fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2023, nínú gbogbo 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 993 ló kú. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìyá tó kú irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń di gìrì, ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá onílà sábẹ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí wọ́n lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà, dípò kí wọ́n máa fojú díwọ̀n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá sì ti kọjá ìlà, wọ́n á fún un ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní í fún un ní ọ̀kan kí wọ́n máa wòye. Ẹ̀jẹ̀ yíya tó le koko fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ọ̀rá lásán o!

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yanjú ẹ fún gbogbo èèyàn. Obìnrin dúdú tó ń kú nídìí oyún àti ìbímọ níbí ju ìlọ́po méjì ti òyìnbó lọ. Ìdí nìyẹn tí àwa tá a jọ wà níbí fi máa ń kìlọ̀ fún ara wa: tí orí bá ń fọ́ ẹ, tí ojú ẹ ń ṣú, tí ọwọ́ àti ojú ẹ ṣàdédé wú, tí wọ́n bá ní kó o lọ sinmi nílé, má lọ. Pariwo bí ará Èkó. Àwọn èèyàn wa máa ń fẹ́ jẹ́ ọmọlúàbí níwájú dókítà òyìnbó, àkókò yẹn kọ́.

Lẹ́yìn tí mo bímọ ni mo tó mọ̀ pé mo jìnnà sílé. Agbẹ̀bí wá, ó wọn ọmọ, wọ́n gún un ní gìgísẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì ìdílé tún wá, gbogbo wọn létòlétò. Wọ́n á lọ, mo sì dìde lọ fọ abọ́. Màámi ò rí físà gbà. Ká ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, wọn ò bá ti wà nílé mi kí èmi gan-an tó ti ilé ìwòsàn dé, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, ata gígún àti òrí. Omi gbígbóná láàárọ̀, tówẹ́ẹ̀lì lórí ikùn, ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ tó ń ta léti. Àwọn aládùúgbò á máa kí "Ẹ kú ewu ọmọ," ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ. Iṣẹ́ tìrẹ ò ju kó o jẹun, kó o sùn, kó o fọ́mọ lọ́mú. Kò sí ohun tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi rọ́pò ẹ, mo sì ti gbé ibẹ̀ pẹ́ tó láti sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí èmi àti màámi ò ti ní í gbà fún ara wa ni jíjókòó lé omi tó ń hó. Ó ti bó àwọn kan lábẹ́, ojú rírán sì lè tú. Màámi ní ṣé omi náà kọ́ ni àwọn fi tọ́jú ara àwọn lẹ́yìn gbogbo ọmọ táwọn bí?

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwẹ̀ àti ọbẹ̀ yẹn, ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi ìyá ọmọ ní Èkó. Nọ́ọ̀sì tó wá sílé mi ní Leeds mú ìwé oníbéèrè mẹ́wàá jáde: ṣé mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ̀rù ń bà mí láìnídìí, ṣé ó ti wá sí mi lọ́kàn rí láti ṣe ara mi léṣe. Ìyá àgbàlagbà òyìnbó kan ni. Mo dákẹ́. Ó fi bíírò sílẹ̀, ó sì dúró. Nílé wa, àdúrà ni wọ́n ń gbà fún ìyá tó ń sunkún, wọ́n á ní kó rántí àwọn tó ń wá ọmọ. Àfi tó bá di abísínwín ni wọ́n tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, tó sì jẹ́ pé láti ìgbà tí oorun ti kọ̀ ọ́ ló ti yẹ kí wọ́n wá dókítà.

Mi ò ní í pẹ́ lórí ìfètòsọ́mọbíbí. Ọ̀fẹ́ ni ní Leeds, ó sì wà ní àwọn ilé ìlera ìjọba ní Èkó. Ẹnu ìdílé ọkọ ló ń náni lówó.

Wàyí o, ojú Èkó ti padé. Nígbà tí nǹkan oṣù màámi ń fẹ́ dáwọ́ dúró, orí báńkóní ni wọ́n ń sùn. Òógùn á bo wọ́n láàárín òru, oorun á dá, wọn á máa gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ mú. A ní ooru Èkó ni, iná ò sì sí. Àwọn kan ní kí wọ́n gba ààwẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni, títí kan dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, tó sọ fún wọn pé ọjọ́ orí ló dé, pé eegun wọn náà fẹ́ ìtọ́jú lásìkò yẹn. Níbi iṣẹ́ mi ní Leeds, a máa ń sọ ọ́ nípàdé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ jù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, obìnrin tó ń lo oògùn ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù (HRT) ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè san iye tí wọ́n ń san fún oògùn méjì péré, kó sì fi gbà á fún odindi ọdún kan.

Àwọn àyẹ̀wò tí lẹ́tà ń pè wá fún níbí, Èkó ní wọn, kò kàn sí ẹni tó ń pè ọ́ ni. Nọ́ọ̀sì lè fi ọtí kíkan pa ẹnu ilé-ọmọ, kó wo ibi tó bá funfun, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó wà ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2019. Ìgbà tí kókó inú ọmú ti là ni púpọ̀ tó ń débẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó bi wọ́n nígbà tó kéré bí ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi kún un kì í wù wọ́n láti sọ ní ìlú méjèèjì: ìtọ̀. Ìyá tó ti bímọ púpọ̀ á wúkọ́, ìtọ̀ á ta sí i láṣọ. Nínú ẹgbẹ́ màámi, àwọn kan ti jáwọ́ nínú lílọ òde, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Oníṣẹ́ eré ìmárale kan ní ilé ìwòsàn ní Leeds ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sún iṣan abẹ́ kì, kí wọ́n mú un dání, kí wọ́n tú u sílẹ̀, lójoojúmọ́, fún oṣù bíi mẹ́ta kó tó hàn. Mo kọ́ màámi lórí fídíò WhatsApp. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń ṣe é. Wọ́n sọ fún Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì sọ fún ìyálóde ẹgbẹ́. Wọ́n ti ní kí n wá ṣàlàyé fún gbogbo wọn lórí fóònù nípàdé oṣù tó ń bọ̀. Ó ti wà lórí ètò, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, kí wọ́n tó pín oúnjẹ.