Ìrìnàjò sí Dedham, níbi tí àwọn àlùfáà ti ń pàdé ní bòńkẹ́lẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn Presbitéríà, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí àlùfáà àti àgbà ìjọ máa ṣàkóso ìjọ láìsí bíṣọ́ọ̀bù, ṣe fẹ́ tún Ìjọ Ẹ́ńgílándì tò láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ẹ má ṣe parí ìrìn yín sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Liverpool Street, kí ẹ sọ̀ ní Manningtree, nǹkan bí wákàtí kan. Ẹ wá fẹsẹ̀ gba etí odò Stour, kí ẹ gba Flatford kọjá, títí dé Dedham. Kò tó máìlì márùn-ún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò, ẹrẹ̀ pápá yẹn ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Bàtà òjò ni kí ẹ wọ̀.

Ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Owó àwọn oníṣòwò aṣọ ló kọ́ ọ.

Ní 1570, Thomas Cartwright, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, fi Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì kọ́ni pé kí àlùfáà kan má ṣe ga ju èkejì lọ, kí ìjọ máa yan àlùfáà rẹ̀, kí àwọn àgbà ìjọ sì máa bá a ṣàkóso. Ẹni tó dàgbà sínú Ìjọ Áńgílíkà nílẹ̀ wa mọ bíṣọ́ọ̀bù bí ẹni mowó. Ipò yẹn gan-an ni àwọn Presbitéríà fẹ́ pa rẹ́. Wọ́n yọ Cartwright nípò. Ní 1572, àwọn àlùfáà Presbitéríà méjì, John Field àti Thomas Wilcox, tẹ ìwé ìkìlọ̀ sí Ilé Aṣòfin, ẹ̀wọ̀n Newgate ni wọ́n sùn sí.

Òkè kò gbà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Láti 1582, nǹkan bí ogún àlùfáà agbègbè Dedham ń pàdé lóṣooṣù, ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sunday àkọ́kọ́, láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá òwúrọ̀. Wákàtí kìíní, Bíbélì. Ìyókù, ìbéèrè tó ta kókó: Ọjọ́ Ìsinmi, ìrìbọmi, ìbáwí. Richard Parker, fíkà (àlùfáà ìjọ) Dedham, ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lójú mi, ọ̀ràn Bartimaeus Andrewes, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà yìí, ló tú àṣírí àìlera ètò náà. Ní 1585, àwọn ará Yarmouth fẹ́ mú un kúrò ní ìjọ rẹ̀ ní Wenham wá sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jíròrò lé e lórí, síbẹ̀ ó lọ. Ìpàdé tí òfin ìlú kò mọ̀ kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró.

Agbára òfin wà lọ́wọ́ John Whitgift, tó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury ní 1583. Ó ní kí gbogbo àlùfáà fọwọ́ sí kókó mẹ́ta. Èkejì ló há wọn lọ́fun: pé kò sí nǹkan kan nínú Ìwé Àdúrà Ìjọ Ẹ́ńgílándì tó ta ko Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹni tó bá kọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Field kú ní 1588. Ní 1589 ìpàdé Dedham tú ká.

Ẹ má ṣe wá ìwé Parker ní Dedham o. Ilé ìkàwé John Rylands ní Manchester ló wà. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú kí ẹ tó lọ.