Láti Chawton dé Aldgate: Mo Tọ Ipasẹ̀ Àwọn Obìnrin Òǹkọ̀wé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìwé àfọwọ́kọ mi kan fi wà nínú dúrọ́ọ̀ òǹtẹ̀wé kan n’Ìbàdàn, kò tẹ̀ ẹ́, kò sì dá a padà fún mi. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe ààfin ọba tàbí ọjà aṣọ ló ń wù mí wò. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n fẹsẹ̀ ara mi tẹ ibi tí àwọn obìnrin ti ń ta ìwé wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, kí n sì mọ iye tí wọ́n rí gbà àti ẹni tó gba èyí tó kù. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo owó bàálù tẹ́ ẹ san yìí, nítorí àwọn tó ti kú ni?” Síbẹ̀, òun náà ló ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ Sátidé la lọ sí Chawton, abúlé kan ní Hampshire. Waterloo la ti wọ ọkọ̀ ojú irin, a sọ̀ kalẹ̀ ní Alton, níbi tí ọkọ̀ náà ń parí ìrìn rẹ̀ sí, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù nínú òjò wẹ́wẹ́ tí kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò dá. Ilé bíríkì pupa tí Jane Austen, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, bá ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé láti ọdún 1809 ti di mùsíọ́mù báyìí. Tábìlì tó fi ń kọ̀wé wà lẹ́bàá fèrèsé: igi ni, ó ní igun méjìlá, ó sì kéré débi pé bí a bá gbé abọ́ ẹ̀bà àti abọ́ ọbẹ̀ lé e, kò ní sí àyè fún ife omi. Mo dúró tì í títí àbúrò mi fi fà mí láṣọ pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń dúró.

Ìtàn tó dì mí mú níbẹ̀ ni ti ìwé kan tí Austen tà fún òǹtàwé kan tó ń jẹ́ Crosby ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1803, ní pọ́n-ùn 10. Ọkùnrin náà polówó pé ìwé ọ̀hún ń bọ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọdún 1809, Austen fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ lẹ́tà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Èsì tó gbà ni pé kò sí àdéhùn kankan lórí ọjọ́ tí ìwé náà yóò jáde, pé bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn àwọn yóò dá títà rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ẹ padà, kí ó san pọ́n-ùn 10 tó gbà. Ọdún 1816 ni Henry, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó rà á padà. Ọdún kejì ni Austen kú, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ìwé náà sì jáde. Ọdún mẹ́ta tèmi wá di ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú mi.

Ìwé rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1811, òun fúnra rẹ̀ ló gbà pé bí kò bá tà, òun ni yóò ru gbèsè rẹ̀; ó tà, ó sì jèrè pọ́n-ùn 140. Ìkejì, Pride and Prejudice, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jù, ó ta gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní pọ́n-ùn 110 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà iye ìgbà yòówù tí òǹtẹ̀wé bá tún un tẹ̀, kọ́bọ̀ kò tún kàn án mọ́. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára èyíkéyìí nínú méjèèjì. Austen ti wọ sẹ́ńtúrì tó tẹ̀ lé e o, ṣùgbọ́n ọjà tí ó bá lóde ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ná kí ó tó dé.

Àwọn tó ṣáájú yẹn ni mo wá lọ sí àárín Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Ajé, èmi nìkan, nítorí pé àbúrò mi lọ síbi iṣẹ́. Fleet Street ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì kọjú sí ìlà-oòrùn. Òpópónà yìí ni Thomas Lowndes ti ń tàwé, òun ló sì tẹ Evelina tí Frances Burney kọ jáde ní oṣù kìíní ọdún 1778. Burney ló máa ń bá bàbá rẹ̀ da ìwé kọ fún àwọn òǹtẹ̀wé, nítorí náà ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò dá ọwọ́ òun mọ̀. Ó yí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ padà, ó fi òru da gbogbo ìtàn náà kọ ní bòókẹ́lẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin kan sì paradà, ó gbé e lọ fún Lowndes bí ẹni tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Gíní 20, ìyẹn pọ́n-ùn 21, ni Lowndes fi gbà á pátápátá, kò sì pẹ́ tí ìwé náà fi di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ.

Burney kọ́gbọ́n níbẹ̀. Pọ́n-ùn 250 ló gbà lórí ìwé rẹ̀ kejì ní ọdún 1782. Nígbà tó di ti ẹ̀kẹta ní 1796, ó gba owó kí ìwé tó jáde, gíní kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba owó aṣọ ẹbí kí aṣọ tó dé, wọ́n sì to orúkọ àwọn tó san sí iwájú ìwé náà. Austen, tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà, wà lára wọn. (Ẹni tó bá ti gba owó aṣọ ẹbí rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́.) Owó ìwé yẹn ni Burney fi kọ́lé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí tirẹ̀ jẹ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, ohun tí ìyàwó bá pa, ọkọ ló ni ín. Charlotte Smith tẹ ewì rẹ̀ jáde ní ọdún 1784 nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè. Ó fi ọkọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó fi kálàmù tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ òfin ṣì fún ọkùnrin náà láyè láti wá gba owó tó ń wọlé fún un. Opó àti obìnrin tí kò tíì lọ́kọ ló bọ́. Mary Cooper, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ń ta ìwé ní orúkọ ara rẹ̀ ní Paternoster Row títí di ọdún 1761, kò sì sí ẹni tó yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Mo wá Paternoster Row títí, kò sí ohun tí mo bá: bọ́m̀bù àwọn ará Jámánì ló sun ún lóru ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1940, tòun ti àìmọye ìwé. Tíì tí mo mu níbẹ̀ wọ́n, kò sì dùn.

Nítòsí ibẹ̀, ní àgbàlá St Paul’s, ni Joseph Johnson ti tẹ ìwé tí Mary Wollstonecraft fi jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin jáde ní ọdún 1792. Johnson kan náà ló ń fún un ní iṣẹ́ ìtúmọ̀ àti àgbéyẹ̀wò ìwé, èyí tó fi ń jẹun ara rẹ̀. Mo kọjá ní Leadenhall Street, níbi tí ilé ìtẹ̀wé Minerva ti ń da ìtàn àròsọ àwọn obìnrin sí ìgboro. Ilé gíláàsì gogoro ló kún ibẹ̀ báyìí.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù nígbà tí mo dé Aldgate. Ara ògiri hòtẹ́ẹ̀lì kan ni àwo búlúù tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2019 wà, ní ìrántí Phillis Wheatley, nítorí pé ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Archibald Bell tó tẹ ìwé ewì rẹ̀ jáde ní 1773 wà nígbà náà. Ọkùnrin sẹkíúrítì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wo àdìrẹ tí mo wọ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ṣé kò sí?” Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó ní òun máa ń rí àwọn tó ń wá ya fọ́tò àwo náà, ṣùgbọ́n òun ò tíì béèrè ẹni tó jẹ́.

Mo sọ fún un pé wọ́n kó ọmọbìnrin náà láti Áfíríkà dé Boston lọ́dún 1761, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá, èyí tó ń jẹ́ Phillis, ni àwọn wọ̀nyẹn wò, wọ́n sì fi orúkọ olówó rẹ̀ kún un. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ará Boston wá san owó ṣáájú fún ìwé ewì rẹ̀ ní 1772, wọn kò san tó. Bell gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìyáàfin ọlọ́lá kan tó ní kí wọ́n fi àwòrán òǹkọ̀wé náà síwájú ìwé. Ọkùnrin méjìdínlógún ní Boston ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé ẹrúbìnrin yìí ló kọ ewì náà lóòótọ́. Phillis fúnra rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà ọdún 1773, wọ́n mú un lọ wo kìnnìún ní Tower, ilé odi ọba tó wà nítòsí ibi tí a dúró sí yìí, ṣùgbọ́n ìyàwó olówó rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó sì padà kí ìwé náà tó jáde.

Mo ṣí àwòrán náà lórí fóònù mi. Obìnrin kan jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, kálàmù ìyẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ àwòrán náà lójú, ó ka ohun tí wọ́n kọ yí i ká lẹ́yọ lẹ́yọ.

“Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n tún kọ síbí?”

“Òun ni.”

“Ta ló wá ń gba owó ìwé náà, mà?”

Mo sọ fún un pé ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Phillis kọ lẹ́tà pé wọ́n ti dá òun sílẹ̀ lómìnira nítorí ẹ̀bẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ òun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ìdajì owó títà ìwé náà ni yóò jẹ́ ti òun, nítorí náà kí wọ́n bá òun wá oníbàárà. Ó ní kí wọ́n kìlọ̀ fún àwọn òǹtẹ̀wé New Haven kí wọ́n má ṣe jí i tẹ̀. Bí wọ́n bá sì jí i, ojúlówó kò ní ṣòroó mọ̀, nítorí òun ti fi ọwọ́ ara òun kọ orúkọ sí i.

“Sí gbogbo rẹ̀?”

“Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó.”

Ó mi orí, ó tún tẹjú mọ́ ọwọ́ tó di kálàmù mú nínú àwòrán náà. Takisí kan dúró, ó da fóònù mi padà, ó ní, “Ẹ má bínú mà,” ó sì sáré lọ gba ẹrù àlejò.