Ibi tí ìdílé lè sùn sí lówó pọ́ọ́kú tí wọ́n bá ń lọ sí Ìkógòsì

Ìdílé tó bá fẹ́ kó ọmọ lọ wo omi gbígbóná àti omi tútù Ìkógòsì, owó yàrá ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n á gbọ́ iye ti inú ọgbà ìsun omi náà, wọ́n á gbọ́ iye ti Adó-Èkìtì, wọ́n á sì mú èyí tó kéré. Ìṣirò yẹn kò tíì pé. Iye alẹ́ tí ẹ máa sùn, iye ìgbà tí ẹ máa wọ mọ́tò lọ tí ẹ sì máa wọ̀ ọ́ bọ̀, pẹ̀lú iye ẹnu tí ẹ ó bọ́, àwọn ló ń sọ ibi tó dínwó ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ìkógòsì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Ẹni tó bá ti Adó wá á gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Arámọ̀kọ́, ibẹ̀ ni yóò ti yà sí ọ̀nà Èrìjìyàn. Bíi wákàtí kan ni fún ẹni tó ń wa mọ́tò ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Ìlẹ́ṣà wọlé kò ní nǹkan tó ń wá dé Adó, torí Arámọ̀kọ́ ló máa kọ́kọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ ará Èkó àti Ìbàdàn ló máa ń kọjá Arámọ̀kọ́ lọ sùn ní Adó, tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún fi ọ̀nà kan náà padà sẹ́yìn. Owó epo nìyẹn, ara ọmọ á sì ti rẹ̀ kí wọ́n tó débi omi.

Ibùsùn tó wà fún yín kò ju mẹ́rin lọ: inú ọgbà ìsun omi náà, ilé àlejò kéékèèké ní Ìkógòsì àti Arámọ̀kọ́, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, àti Adó-Èkìtì.

Inú ọgbà ló wọ́n jù tí ẹ bá wo owó yàrá nìkan. Ohun tí ẹ ń sanwó fún níbẹ̀ ni àárọ̀ kùtù. Tó bá jẹ́ àkókò ọlidé, bọ́ọ̀sì àwọn ilé ìwé àti ti ìjọ á ti kún iwájú ọgbà kí ọ̀sán tó pọ́n, ibi tí omi méjèèjì ti pàdé á sì kún fún èrò dé bi pé ọmọ kékeré kò ní ráyè dúró. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí aago 7 àárọ̀, àwọn tó sùn síbẹ̀ nìkan ló máa wà níbi omi. Ọmọ lè rọra ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kó ki tòsì bọ inú èyí tó tutù nini, kó sì dúró pẹ́ títí á fi yé e pé orísun méjì ni wọ́n ti wá, àti pé wọ́n kò yí ara wọn padà títí wọ́n fi pàdé. Ẹni tó wá láàárọ̀ tó fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà kì í rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Rev. John McGee, míṣọ́nárì Baptist láti Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ tún ibẹ̀ ṣe ní 1952, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sì ṣì ń lọ ṣe ìpàdé níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ kankan ti gba àyè lọ́sẹ̀ tí ẹ ń bọ̀. Tí ẹgbẹ́ bá wà, ariwo gbohùngbohùn lè wọ òru, ilé ìdáná á sì máa dá wọn lóhùn kó tó kàn yín.

Ilé àlejò ìgboro, ní Ìkógòsì tàbí Arámọ̀kọ́, ló máa ń rọjú jù. Ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ fún ìdílé kì í ṣe yàrá kékeré. Àkọ́kọ́ ni ilé ọtí. Tí wọ́n bá ń ta ọtí nísàlẹ̀, orin kò ní kú kí òru tó jìn, pàápàá lálẹ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ìkejì ni àwọn tó ń gba yàrá fún wákàtí kan sí méjì. Ilé tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ ká kó ọmọ lọ síbẹ̀, bó ti wù kó dínwó tó: aṣọ ibùsùn lè má tíì dé odò ìfọṣọ láti ọ̀sán, ẹni tí ẹ kò mọ̀ á sì máa wọlé jáde ní gbogbo òru. Ẹ béèrè tààrà: “Ṣé ẹ máa ń gba àwọn oníwákàtí?” Bí wọ́n bá ṣe dáhùn á ti sọ fún yín.

Ẹ̀fọ̀n dára fún ẹni tó bá fẹ́ràn òkè àti afẹ́fẹ́ tútù, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Ẹ mú súwẹ́tà ọmọ dání, kí ẹ sì mọ̀ pé ilé tí kò bá ní omi gbígbóná nínú balùwẹ̀ kò wúlò fún yín lásìkò yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ kò nílò láti sùn síbẹ̀.

Adó ni yàrá pọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni ẹ ti lè ná owó yàrá. Àmọ́ ohun méjì ló ń gbé owó Adó sókè lójijì, ará ibòmíràn kì í sì í mọ̀. Ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó ni ọ̀kan: láti Ọjọ́bọ̀ dé Àbámẹ́ta, àwọn ẹbí tó ti ọ̀nà jíjìn wá á ti gba yàrá tán. Ìkejì ni ayẹyẹ ilé ìwé gíga. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì (EKSU), Federal Poly àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá (ABUAD) wà ní Adó. Tí èyíkéyìí bá ń ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, àwọn òbí á kún gbogbo ilé ìtura dé Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó bá wá láti Àìkú dé Ọjọ́rú ló máa ń rí ẹni dín owó kù fún un.

Ó kan ìṣirò báyìí. Àwọn owó tó tẹ̀ lé e yìí kì í ṣe iye tí ilé kan pàtó ń gbà o; a fi ṣe àpẹẹrẹ ni, kí ẹ fi iye tí wọ́n bá sọ fún yín rọ́pò wọn. Ká ní yàrá Adó jẹ́ ₦18,000, ti inú ọgbà jẹ́ ₦45,000. Ká ní takisí tí ẹ gbà lódindi láti Adó, tó máa dúró dè yín títí ẹ ó fi ṣe tán, jẹ́ ₦25,000, owó ìwọlé ọgbà fún ẹni 5 sì jẹ́ ₦10,000.

Ìdílé tí kò ní mọ́tò tó sì fi Adó ṣe ibùsùn máa sùn lálẹ́ 2: wọ́n dé lọ́jọ́ kìíní, wọ́n lọ sí Ìkógòsì lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà sílé lọ́jọ́ kẹta. Yàrá jẹ́ ₦36,000, takisí ₦25,000, ìwọlé ₦10,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦71,000. Tí ìdílé kan náà bá sọ̀ ní Arámọ̀kọ́, tí wọ́n gba mọ́tò ₦6,000 lọ sí Ìkógòsì, tí wọ́n sùn sínú ọgbà lálẹ́ kan, tí wọ́n wẹ̀ nírọ̀lẹ́ àti láàárọ̀, tí wọ́n sì gba ₦6,000 mìíràn padà sí Arámọ̀kọ́, ₦57,000 ni, bí owó ìwọlé bá wà nínú owó yàrá. Yàrá tó wọ́n ló mú owó kéré, torí ó gé alẹ́ kan àti takisí ọ̀nà jíjìn kúrò.

Ẹ yí i sí ẹni tó ní mọ́tò tó sì fẹ́ sùn lálẹ́ 2 dandan, kó lè ráyè dé ibi ìtàkìtì omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, tó múlé gbe Ìkógòsì. Adó á jẹ́ ₦36,000, epo bíi ₦8,000, ìwọlé ₦10,000: ₦54,000. Inú ọgbà lálẹ́ 2 á jẹ́ ₦90,000. Adó ló borí níbẹ̀. Àmọ́ tí ilé ìtura Adó bá ní ẹ pọ̀ jù fún yàrá kan, tí ẹ ní láti gba 2, owó Adó náà á di ₦90,000. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ sọ iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn lórí fóònù, ẹ má kàn sọ pé “èmi àti ìdílé mi”.

Ìdájọ́ tiwa ni pé kí ẹni tí kò ní mọ́tò sùn sínú ọgbà tàbí ní ìgboro Ìkógòsì lálẹ́ kan péré. Ẹni tó ní mọ́tò tí ọmọ rẹ̀ kò ju 2 lọ, kó fi Adó ṣe ibùsùn láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá sì sùn sí Adó gbọ́dọ̀ ti kúrò ní Ìkógòsì ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà ibẹ̀ ní kọ́ọ̀nà, ó gba inú igbó, kò sì yẹ kí ilẹ̀ ṣú bá ẹnikẹ́ni tó kó ọmọ dání lójú ọ̀nà.

Tí ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ sọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹni 5 ni wá, èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú ọmọ 3: ọdún 11, ọdún 7 àti ọdún 3. Alẹ́ kan la fẹ́ sùn. Ṣé yàrá kan á gbà wá? Èló ni ẹ ń gbà lórí fóòmù ìsùn tí ẹ máa tẹ́ sílẹ̀? Ṣé owó ìwọlé wà nínú rẹ̀? Oúnjẹ àárọ̀ ẹni mélòó lẹ ń fún wa?” Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Níbi púpọ̀, ẹni 2 ni oúnjẹ àárọ̀ wà fún, ìyẹn ni pé ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ tiwọn lówó ọ̀tọ̀. Ẹ béèrè àsìkò tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ àti àsìkò tí wọ́n ń pa á. “Iná wa kì í lọ” kì í ṣe ìdáhùn. “Aago 7 alẹ́ sí aago 12 òru” ni ìdáhùn.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo orúkọ tó jáde lórí fóònù kí ẹ tó tẹ owó náà ránṣẹ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Tó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn lásán, ẹ pe nọ́ńbà mìíràn tí ẹ bá rí fún ilé náà kí ẹ fi wádìí. Ẹ fi rìsíìtì pamọ́ sórí fóònù, torí ẹni tó gba owó lè má sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ máa dé.

Kí ẹ tó gbé ẹrù wọlé, ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ wọ yàrá lọ, kí ìyókù ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú kan. Omi tó bá kọ́kọ́ pọ́n tó sì mọ́ lẹ́yìn náà kò burú, ìdọ̀tí inú páìpù ni. Èyí tó ń pọ́n títí, tí ó sì ń fi yanrìn sílẹ̀ lọ́wọ́, inú táǹkì ni ìdọ̀tí rẹ̀ wà. Ẹ béèrè yàrá mìíràn tàbí garawa omi kànga. Ẹ fi orúnkún tẹ àárín bẹ́ẹ̀dì. Tí igi ìsàlẹ̀ bá ro kèrékèré, ọmọ 2 tó bá fò lé e á fọ́ ọ, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa ní kó sanwó. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé láti igun dé igun, torí etí férémù ló ti sábà máa ń ya, kì í ṣe àárín. Ẹ wo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì: tó bá ti dúdú, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Ẹ má sì lo irin tí wọ́n ń kì bọ garawa láti fi se omi ìwẹ̀. Ọmọ lè ki ọwọ́ bọ omi náà nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Ẹ ní kí ilé ìdáná gbé omi gbígbóná wá.

Ní ti oúnjẹ, iyán ìgboro kò ṣòro rí lọ́sàn-án ní Arámọ̀kọ́ àti Adó, àwo kan sì lè tó ọmọ kéékèèké 2. Àárọ̀ ló ń gba owó. Ẹ gbé búrẹ́dì, mílíìkì, gàrí, ṣúgà àti fúláàsì omi gbígbóná dání. Ẹ má gbé sítóòfù gáàsì wọ yàrá. Ibùsùn tó pọ̀ kì í gbà á, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì kò sì dára fún iná gáàsì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàkìtì omi Olúmirìn ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà kún un, kó má sanwó alẹ́ mìíràn nítorí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ibẹ̀ wà, ìhà Ìlẹ́ṣà, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ ń padà sílé ló bọ́ sí fún ẹni tó ń lọ sí ìhà Ìbàdàn. Ẹ kúrò ní ibùsùn yín ní aago 8, ẹ má dúró de aago 12 tí wọ́n ní kí ẹ fi kúrò. Ìpele 7 ló wà níbẹ̀; èyí àkọ́kọ́ tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, torí òkúta ń yọ̀ bí ẹ bá ti ń gòkè, àgàgà láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹwàá. Bàtà tó ní okùn ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.