Bí ẹ ṣe lè yan oníwòsàn tó bá ọwọ́ yín mu nínú Final Fantasy XIV

Final Fantasy XIV jẹ́ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ń kó ẹgbẹ́ jọ jà nínú rẹ̀. Oníwòsàn mẹ́rin, ìyẹn iṣẹ́ tó ń wo ẹgbẹ́ sàn, ló wà nínú rẹ̀: White Mage, Scholar, Astrologian àti Sage. Èwo ló lágbára jù ni gbogbo ẹni tó ń bọ̀ tuntun máa ń béèrè. Ìbéèrè yẹn kò lérè, torí kò sí ìkankan nínú wọn tí kò lè mú ẹgbẹ́ la ìjà kọjá. Àkókò ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé kí ọ̀tá tó ṣọṣẹ́ ni ọkàn yín máa ń ṣiṣẹ́, àbí lẹ́yìn tó bá ti ṣe é tán?

Scholar àti Sage ń fi asà bo èèyàn. White Mage àti Astrologian ń dá ẹ̀mí tó ti dínkù padà. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń ṣí agboòrùn kí òjò tó rọ̀, àwọn kejì ń nu ara gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lo asà gbọ́dọ̀ mọ ìjà náà sórí: ọfọ̀ wo ni ọ̀gá ọ̀tá ń pe, ìgbà wo ni yóò já lu gbogbo ẹgbẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ni asà Scholar ń lò lára èèyàn. Èyí tó yá jù ti ṣòfò, èyí tó pẹ́ jù kò wúlò rárá. White Mage kò béèrè irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ìjà kan rí, tí ẹ̀mí gbogbo ènìyàn sì lọ sílẹ̀ lójijì, ẹ ṣì lè rí i tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tí kò ṣe oníwòsàn rí ti bẹ̀rẹ̀.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ ọ̀nà tó lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó náwó. Conjurer, ní ìlú Gridania, ló ń di White Mage ní ìpele 30. Arcanist, ní Limsa Lominsa, ló ń di Scholar ní ìpele 30 kan náà, Arcanist yìí ló sì tún ń di Summoner, iṣẹ́ tó ń lu ọ̀tá. Ìpele kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, nítorí náà ẹni tó bá gbé ọ̀kan ga ti gbé èkejì. Àmọ́ ìhámọ́ra wọn yàtọ̀: Mind (iye tó ń gbé agbára oníwòsàn ga) ni Scholar ń wá, Intelligence (iye tó ń gbé agbára ọfọ̀ ìjà ga) ni Summoner ń wá. Astrologian kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kékeré; Ishgard lẹ ti máa gbà á, láti ìpele 30. Sage ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 70, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ra Endwalker, àfikún géèmù náà tí wọ́n ń tà. Ẹni tó ń ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè dé ibẹ̀, torí Endwalker kò sí nínú eré ọ̀fẹ́. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi Sage kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn. Bọ́tìnì rẹpẹtẹ ni wọ́n máa kó lé yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èwo tó wù kí ẹ mú, ohun kan wà tó máa ń rú àwọn tuntun lójú: oníwòsàn tó mọṣẹ́ máa ń lu ọ̀tá ju bó ṣe ń wo ènìyàn lọ. Láàárín ọfọ̀ kan sí èkejì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2.5 ló wà. Bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ pe ọfọ̀ ìwòsàn, ìjà á gùn, ìyà á pọ̀, MP (agbára tí ọfọ̀ ń jẹ) á sì tán. Ìwòsàn gidi wà nínú àwọn agbára ojú ẹsẹ̀ tí a ń tẹ̀ láàárín ọfọ̀ méjì, tí kò gba àyè ọfọ̀ rárá. Irú rẹ̀ ni Benediction ti White Mage, tó ń dá gbogbo ẹ̀mí ènìyàn kan padà lẹ́ẹ̀kan, àti Tetragrammaton. Scholar ń gba Aetherflow (èròjà tí a ń ná sórí irú àwọn agbára yìí) mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nígbà tí òmíràn bá dé ti ṣòfò, torí náà ẹ fi lu ọ̀tá pẹ̀lú Energy Drain. Ti Sage ni Addersgall, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 20, mẹ́ta sì ni òpin rẹ̀. Bí ẹ bá ń lò ó, MP yín náà ń padà bọ̀, nítorí náà Sage tó ń ṣahun Addersgall ló máa ń kígbe pé MP òun ti tán.

White Mage náà ń gba òdòdó Lily ní ìṣẹ́jú àáyá 20 kọ̀ọ̀kan nínú ìjà, mẹ́ta náà ni òpin. Láti ìpele 74, tí ẹ bá lo mẹ́ta, Afflatus Misery á ṣí, yóò sì gba ẹ̀san lára ọ̀tá. Ẹ má tọ́jú wọn pamọ́. Bákan náà, tí ẹ bá ti ní Cure II, ọfọ̀ ìwòsàn tó lágbára ju Cure lọ, ní ìpele 30, ẹ yọ Cure kúrò lórí bọ́tìnì. Ọ̀pọ̀ ń pa á mọ́ nítorí pé ó lè sọ Cure II di ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì lè máà ṣẹlẹ̀, tank yín (ẹni tó ń gba ìlù ọ̀tá fún ẹgbẹ́) kò sì ní dúró dè é.

Nínú dungeon (ibi ìjà) ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí tank bá ti kó ọ̀tá jọ tó sì dúró, ohun tó yẹ kí White Mage ìpele 45 kọ́kọ́ ṣe ni kó pe Holy. Holy ń dá gbogbo ọ̀tá tó yí yín ká dúró gbagidi: ìṣẹ́jú àáyá 4 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 1, kó tó di pé kò ràn wọ́n mọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó ń lu tank. Mi ò mọ ìwòsàn tó dára ju kí ọ̀tá má lè gbọ́wọ́ lọ. Ẹ ṣọ́ra fún Regen kí tank tó fọwọ́ kan ọ̀tá, torí ìwòsàn tó ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lè mú kí wọ́n kọjú sí yín.

Astrologian ni kò gba ìpín méjì tí mo pín wọn yìí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ń dá ẹ̀mí padà lóòótọ́, àmọ́ Earthly Star rẹ̀, ìràwọ̀ ìwòsàn tó ń gbé kalẹ̀, gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó gbó. Ẹni tí kò ro tẹ́lẹ̀ á fi tútù bẹ́ ẹ. Divination rẹ̀ ń fi 6% kún ọṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìgbà tí àwọn yòókù ń tú agbára wọn jáde. Káàdì tún wà tí ẹ máa pín. Tí ojú yín kò bá lè wà níbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi í sílẹ̀.

Nínú ìjà ẹlẹ́ni mẹ́jọ, oníwòsàn méjì ló máa wà. Asà Scholar àti ti Sage kì í gun ara wọn, nítorí náà tí àwọn méjèèjì bá bára wọn pàdé, ọ̀kan á máa ba iṣẹ́ èkejì jẹ́. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń ṣeré, ẹ mú ìhà kejì sí tirẹ̀.

Ohun tó ń pa ẹgbẹ́ kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ tí a yàn. Raise, ọfọ̀ tó ń jí ẹni tó kú, gba ìṣẹ́jú àáyá 8 láti pè, ó sì ń jẹ 2,400 nínú 10,000 MP. Ẹ máa tọ́jú Swiftcast, agbára tó ń jẹ́ kí a pe ọfọ̀ lójú ẹsẹ̀, fún un. Ẹ tẹ Lucid Dreaming, agbára tó ń dá MP padà, nígbà tí MP bá kù bí 7,500, kó má tán kó tó yá. Scholar tó kú tó sì jí gbọ́dọ̀ pe iwin rẹ̀ tó ń bá a wòsàn padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Sage ní láti fi Kardia, àmì tó ń wo ẹni tó wà lára rẹ̀ bí Sage bá ń lu ọ̀tá, sára tank kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá wá rí i pé ẹ ti yàn án ṣì, ènìyàn kan náà tí ẹ dá nínú géèmù lè kọ́ gbogbo iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì jẹ́ pé ẹ tún dá òmíràn. Ìhámọ́ra kan náà ni gbogbo oníwòsàn ń wọ̀. Ohun ìjà nìkan ló yàtọ̀. White Mage tó fẹ́ di Scholar, tí ìpele rẹ̀ bá ti dọ́gba, ìwé lásán ló kù kó wá.