Gáàdì Ni Mí, Ẹlòmíràn Ló Ṣọ́ Mi

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ níwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston, ẹni mẹ́ta ló gbé mi dìde. Orúnkún ọ̀tún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi nídìí máíkì, ẹ̀rí mi sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá mi wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun n'Íbàdàn lè kà á lórí fóònù wọn. Ẹ bá mi yin Olúwa.

Iṣẹ́ tí mo ṣe nira láti ṣàlàyé nílé. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ni mo fi jẹun, èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí tó tún ṣe ṣóńṣó nídìí, tí wọ́n ń gbé sá ju bí wọ́n ṣe ń gbá a lọ. Ẹni mọ́kànlá ló ń kojú mọ́kànlá. Nínú mọ́kànlá tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, márùn-ún wà níwájú tó jẹ́ pé ara wọn ni ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà rọ́wọ́ tó quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo máa ń wà lápá òsì ẹni àárín. Left guard ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Màmá mi lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé gáàdì lọmọ òun ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n sì gbàdúrà kí Olúwa gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ máígàádì.

Wọn ò ṣì í púpọ̀. Bí máígàádì bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ta ló ń bèèrè rẹ̀? Ìgbà tí wọ́n sábà máa ń pe nọ́ńbà àwa márààrún ní pápá ni ìgbà tí ọ̀kan nínú wa bá di èèyàn mú lọ́nà tí kò yẹ, tí rẹfirí sì ní kí ẹgbẹ́ wa sún sẹ́yìn yáàdì 10. Nígbà náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á mọ̀ pé o wà láyé.

Ọdún 2004 ni mo wọ NFL, ìyẹn líìgì tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà yìí. Ìpele méje ni àwọn ẹgbẹ́ 32 fi ń ṣa ọmọ tuntun, kò sì sẹ́ni tó ṣà mí. Ìgbà tí ètò náà parí tán ni ẹgbẹ́ kan pè mí lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀rí ni mo ń jẹ́, n kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Sáà márùn-ún ni mo lò láàárín àwọn 53 tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kílò 144 ni mo wọ̀n, kò sì gbọdọ̀ dín, nítorí náà oúnjẹ di ara iṣẹ́. Ẹyin mẹ́wàá láàárọ̀. Bí mo bá sì wá sílé sí Houston, ìyá olóúnjẹ kan wà ní òpópónà Bissonnet tó máa ń bu àmàlà fún mi láì kà á. Ní ọjọ́ eré, a máa ń tò bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n lè gún wa lóhun tí kò ní jẹ́ ká mọ ìrora títí di alẹ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Èmi ni mo ká aṣọ sókè.

Ní oṣù August 2009, ọmọkùnrin kan kanlẹ̀kùn mi. Ó ní kóòṣì ń pè mí, kí n mú ìwé eré mi dání. Gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́: wọ́n ti lé ọ nìyẹn. Inú àpò ìdalẹ̀nù dúdú ni mo kó ẹrù mi sí.

Ẹni tó bá pé sáà mẹ́ta ní owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì ń bá a gbé ìnáwó ìtọ́jú ara fún ọdún márùn-ún sí i. Ọdún márùn-ún pé, ṣùgbọ́n orúnkún ò mọ̀ pé ó ti pé. Mo wá ń jẹ oògùn ìrora bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ ò ní mọ ibi tí mo ń kó o pamọ́ sí: inú akoto mi àtijọ́ tí a gbé kọ́ ògiri pálọ̀. Àlejò á dúró tì í, wọ́n á ya fọ́tò.

Orí ni gbogbo èèyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti gbọ́ ti Mike Webster, ẹni àárín Pittsburgh Steelers, tó kú ní 2002 lẹ́ni 50 ọdún, tí Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò tó rí ohun tí kíkanrí mọ́ra wọn lọ́dún gbọọrọ ti bà jẹ́. Èmi náà ń bẹ̀rù orí. Bí mo bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, àyà mi á já. N kò mọ̀ pé ọ̀fun ni tèmi wà.

Mo máa ń hanrun. Nílé àna mi, wọ́n ní ẹ̀rọ ìlọta ti dé. Gbogbo wa fi ṣe ẹ̀fẹ̀, àfi ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ariwo kọ́ ló ń dẹ́rù bà á, ìgbà tí ariwo bá dá ló ń ṣọ́. Á máa kà nínú òkùnkùn: ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá dé ogún tí n kò tíì mí, á fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi níhà. Ó bẹ̀ mí títí kí n lọ ṣàyẹ̀wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni àwa tó tóbi ṣe ń sùn.

Ó sì yẹ kí n mọ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́ náà ni Reggie White kú, ní December 26, 2004, lẹ́ni 43 ọdún. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, òun sì ni kò sí gáàdì tí kò bẹ̀rù láti dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n dárúkọ àìsàn tó mú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kí mímí tó ń dá lójú oorun lọ́wọ́ sí i. Ó gba etí mi ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Ní November 2021, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí orúnkún mi. Mo lo oògùn tí dókítà kọ. Nígbà tí ìyàwó mi wọ balùwẹ̀, mo fi igi ìtilẹ̀ tọ akoto lọ, mo gbé mẹ́ta sí i mì. Irú oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí ọpọlọ gbàgbé pé ó yẹ kéèyàn mí, ọ̀fun tèmi sì ti máa ń pa dé fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó kà dé ogún, ó gbún mi. Ó kà dé ọgbọ̀n, ó gbá mi létí. Ó tan iná, ó rí ètè mi tó ti dà bí aró. Obìnrin kílò 62 wọ́ ọkùnrin kílò 150 sórí ilẹ̀! Àwọn tó tóbi tó mi gbìyànjú ẹ̀ fún sáà márùn-ún, agbára káká ni wọ́n fi ń rí mi dá. Ó pe 911, ó ń fi ẹnu rẹ̀ fẹ́ èémí sí mi nínú títí àwọn onímọ́tò pàjáwìrì fi dé, tí wọ́n fọ́n naloxone, oògùn tó ń ṣẹ́gun irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀, sí mi nímú.

Mo mí.

Ọjọ́ méjì ni mo lò nílé ìwòsàn. Ọjọ́ kejì ni mo sọ ọ̀rọ̀ akoto fún un. Kò pariwo. Ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan kan wà, òun kàn ń wò ó pé ibo ni. Màmá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ méje n'Íbàdàn. Ó ní, "Àjàní, mo jà kí n tó rí ọ bí. Má jẹ́ kí n tún ìjà yẹn jà."

Nígbà tí mo wá ṣàyẹ̀wò oorun, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mímí mi ń dá láàárín wákàtí kan. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi nímú láti alẹ́ di àárọ̀. Ọmọbìnrin mi wo túùbù tó so kọ́ mi nímú, ó ní, "Dádì ti di erin." Mo ń lọ bá àwọn tó ń jáwọ́ nínú oògùn bíi tèmi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kílò 118 ni mo wọ̀n báyìí. Ìyá oníresitọ́ráńtì Bissonnet ti ń ka àmàlà, inú rẹ̀ ò sì dùn rárá. Akoto náà wà lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbin efinrin.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí kì í tòògbé. Àmọ́ obìnrin kan wà tí òun náà ò sùn dáadáa fún ọdún mẹ́tàlá nítorí mi, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún lọ́jọ́ Àìkú kí n tó dé iwájú pẹpẹ. Ó ní kí n dìde, pé mo ń dójú ti òun.

Lóru àná, ariwo kan jí mi. Mo rò pé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Òun ni, ó ń hanrun. Mo ń ka mímí rẹ̀ nínú òkùnkùn, ení, èjì, ẹ̀ta, kò fo ọ̀kan. Mo kà á dé ibi tí oorun ti gbé èmi náà lọ.