Ẹ̀rọ inú àpò tó ń báni rántí: ta ló wúlò fún gan-an?

Olùkọ́ ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ, ló bá yíjú padà: "Test yẹn ti kúrò ní Ọjọ́rú o. Ọjọ́bọ̀ ni, aago 10, ní gbọ̀ngàn LT 2." Gbogbo kíláàsì ti ń dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní organizer lọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tọ́jú àdéhùn àti nọ́ńbà, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni yóò gbà á kí ọ̀rọ̀ yẹn tó wọ inú ẹ̀rọ? Bó bá ti lé ní 10, kò ní kọ ọ́ mọ́. Yóò ní òun á rántí. Ohun tó yẹ kí á fi díwọ̀n ẹ̀rọ ìrántí nìyẹn, ì báà jẹ́ ti àtijọ́ tó ń lo bátìrì, ì báà jẹ́ fóònù tó wà lápò wa lónìí. Iye owó rẹ̀ àti bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán tó, ẹ̀yìn ìyẹn ló yẹ kí wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, torí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí nígbà náà mọ ohun kan tí àwa tí à ń lo fóònù ti gbàgbé.

Psion, ilé iṣẹ́ kan ní London, gbé Organiser rẹ̀ jáde ní 1984. Kí ọdún 1990 tó wọlé, Sharp àti Casio náà ti ń ta irú tiwọn, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílé mọ̀ sí digital diary. Láti kọ àdéhùn kan péré sórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó yan kàlẹ́ńdà, ẹ ó tẹ ọjọ́, ẹ ó tẹ wákàtí, ẹ ó wá máa wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ tí ìka àgbàlagbà lè bo méjì pọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tẹ bọ́tìnnì tó ń fi í pamọ́. Bí ẹ bá gbàgbé ìkẹyìn yẹn, òfo ni gbogbo làálàá. Abájọ tí ọ̀pọ̀ fi sọ ọ́ di ìwé nọ́ńbà fóònù àti ẹ̀rọ ìṣirò. Nọ́ńbà fóònù, ẹ̀ẹ̀kan la ń kọ ọ́. Àdéhùn, ojoojúmọ́ ni.

Apple gba ọ̀nà mìíràn ní 1993 pẹ̀lú Newton MessagePad. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ka ọwọ́ ìkọ̀wé ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó rí. Ẹ̀rọ náà ń ṣi ọ̀rọ̀ kà, ó sì tóbi ju àpò ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Apple dá a dúró ní 1998.

Jeff Hawkins tó dá ilé iṣẹ́ Palm sílẹ̀ ló rí ojútùú. Kó tó ṣe ẹ̀rọ rárá, ó gé igi kan tó wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbẹ́ kálàmù kékeré tì í, ó sì ń gbé e kiri. Bí ẹnì kan bá bi í pé ṣé àyè á wà lọ́jọ́ báyìí, á yọ igi náà, á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ gidi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ ibi tó yẹ kí nǹkan wà. Nígbà tí Pilot, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí Palm ṣe, jáde ní March 1996, bátìrì AAA méjì ló ń lò, ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò ní iná. Pilot 1000 ń lọ ní dọ́là 299 pẹ̀lú àyè ìpamọ́ 128 KB, Pilot 5000 ní dọ́là 369 pẹ̀lú 512 KB. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: kàlẹ́ńdà, orúkọ àti àdírẹ́sì, iṣẹ́ tó kù láti ṣe, àti àkọsílẹ̀. Ẹ tẹ ti kàlẹ́ńdà nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, yóò tàn, ojú ìwé òní ni ẹ ó rí. Ẹ fi kálàmù kan ìlà aago 10, ẹ kọ "test, LT 2", ó parí. Kò sí pé ẹ ń wá ibi tí ẹ ó ti fi í pamọ́. Bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ ló ń wọlé.

Ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀, Graffiti, yí ọ̀rọ̀ Newton padà. Dípò kí ẹ̀rọ kọ́ ọwọ́ èèyàn, èèyàn ló kọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ. Kálàmù kì í ṣí kúrò nílẹ̀ kí lẹ́tà tó parí: A kò ní ìdábùú, bí òrùlé ló rí; T lọ sí ọ̀tún, ó wá já wálẹ̀. Apá òsì ni ẹ ó ti kọ lẹ́tà, apá ọ̀tún ni ti nọ́ńbà. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sápá òsì á rí lẹ́tà tí kò mọ̀ rí, àṣìṣe tó rọrùn láti ṣe sì ni. Ó dùn mí pé kò gba Yorùbá dáadáa: lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ ní à àti é, àmọ́ kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Ẹni tó fẹ́ kọ "ọkọ Ṣadé" sínú rẹ̀, "oko Sade" ni yóò bá.

Àléébù tó ń dunni jù wà nínú ikùn rẹ̀. Inú RAM, ìrántí tó ń ṣófo bí iná bá kúrò, ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà, bátìrì ló sì gbé RAM ró. Bí ẹ bá yọ AAA láti pààrọ̀ rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lẹ ní. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tàbí tí bátìrì kú pátápátá sínú àpótí, ẹ̀rọ á jí bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, orúkọ kan kò ní sí níbẹ̀. Ohun tó dáàbò bò ó ni HotSync: ẹ gbé ẹ̀rọ sórí ìjókòó rẹ̀ tó so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀dà gbogbo nǹkan á wọ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ kì í pàdánù ju àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan lọ.

Mo sọ gbogbo èyí torí pé wàhálà méjèèjì ṣì wà lórí fóònù: ìyára àtikọ, àti ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé.

Ká tó dé ibẹ̀, ta ló nílò rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ girama tí tímútébù rẹ̀ kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù dé ìparí, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tó o. Òṣìṣẹ́ tó ń jókòó sídìí tábìlì kan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ lórí tábìlì yá a lọ́wọ́ ju fóònù lọ. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ń yí, tó sì ń dúró lórí ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́, òun ni ẹ̀rọ yìí wà fún: nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ shift, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láti ilé oníbàárà kan sí èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ọjọ́ test, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ àti ọjọ́ àtifi iṣẹ́ sílẹ̀ kì í dúró sójú kan. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn dókítà Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó rọ̀ mọ́ Palm jù. Láti 1999 ni Epocrates, ètò kan tó wà fún Palm, ti fún wọn ní àkọsílẹ̀ oògùn tí wọ́n lè yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Ẹ má ṣe ra Palm àlòkù nítorí ọ̀rọ̀ mi o. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń gba cháájì ni bátìrì inú wọn ti kú, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní kò sì ní ihò tí wáyà àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ń wọ̀. Fóònù Android tí ẹ ní lọ́wọ́ tó, bí ẹ bá tò ó dáadáa.

Ìyára ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ẹ tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ níbi tó ṣófo, ẹ yan Widgets, ẹ fa ti kàlẹ́ńdà wá sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Àmì + tó wà lára rẹ̀ ni ẹ ó máa tẹ̀, kí ẹ má baà gba ẹ̀gbẹ́ WhatsApp kọjá. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á lọ, yóò sì ti gbàgbé ohun tó fẹ́ kọ. Ibi tí Palm fi ju fóònù lọ nìyí: kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ tó ń pe èèyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé. Ẹ ṣí àdéhùn tuntun, ẹ wo orúkọ àkáǹtì tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì Gmail yín, ẹ̀dà rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ Google, fóònù mìíràn á sì gbé e wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí èyí. Bó bá jẹ́ orúkọ fóònù nìkan, tàbí "Device" tàbí "Local", inú fóònù yẹn nìkan ló wà, kádàrá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Palm tí bátìrì rẹ̀ kú. Ẹ yí i padà kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Kò pọn dandan kí dátà wà ní títàn kí ẹ tó kọ; bí dátà bá dé lẹ́yìn náà, yóò lọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ PIN káàdì báǹkì àti BVN kò gbọdọ̀ wọ inú kàlẹ́ńdà láéláé.

Ìdí kẹta tí ẹ̀rọ fi ń jáni kulẹ̀ ni pé ó kọ̀, kò dún. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ètò tó ń ṣọ́ bátìrì ló ń pa kàlẹ́ńdà lẹ́nu mọ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, Apps, Calendar, Battery, ẹ yan Unrestricted. Bí Do Not Disturb bá wà ní títàn, ìkìlọ̀ kàlẹ́ńdà lè má dún, bẹ́ẹ̀ aláàmù inú aago máa ń dún nígbà gbogbo bí ẹ kò bá pa á. Nítorí náà, ohun tó bá jẹ́ pé bí ẹ bá pàdánù rẹ̀ ọ̀ràn dé, bí ìdánwò àárọ̀ tàbí ọkọ̀ òfuurufú, ẹ fi sí kàlẹ́ńdà kí ẹ sì fi aláàmù aago tì í. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò ní dún rárá. Bó bá sì tún jí, ẹ wo aago rẹ̀ bóyá ó tọ̀nà. Bí "Automatic date and time" bá wà ní pípa, ó lè máa ka wákàtí tí kò tọ̀nà.

Ìkìlọ̀ ẹyọ kan kì í tó. Fún test, ẹ fi mẹ́ta: ọjọ́ 7 ṣáájú, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí kàwé; ọjọ́ kan ṣáájú; àti wákàtí kan ṣáájú. Fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí ohun tí ọwọ́ máa ṣe. "Project" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó bá kà á láàárọ̀. "Kọ ojú ìwé 3 sí 7, chapter two" sọ ibi tí à ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́kíṣọ̀ tó ń wáyé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa padà wá fúnra rẹ̀ (Repeat), àmọ́ ẹ fún un ní ọjọ́ ìparí, ìyẹn ọjọ́ tí sẹ̀mẹ́sítà máa parí. Bí ẹ kò bá fún un, á máa dún nígbà ìsinmi, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ gbá ìkìlọ̀ nù láìkà á. Àṣà gbígbá nù yìí ló ń pa ẹ̀rọ náà, torí èyí tó ṣe pàtàkì á bá wọn lọ. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ẹ pa á rẹ́ láti ọjọ́ yẹn lọ pẹ̀lú "This and following events", kí àkọsílẹ̀ tó ti kọjá má bàa bá a lọ.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ kọ òru kan gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ẹyọ kan: aago 8 alẹ́ Ọjọ́ Ajé sí aago 8 àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá kàn kọ "night" sí ọjọ́ kan, òun àti ẹni tí wọ́n jọ pààrọ̀ iṣẹ́ lè ní òye méjì nípa òru tí ó túmọ̀ sí, wọ́ọ̀dù á sì ṣófo. Bí rọ́tà yín bá ń yí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Custom ní abẹ́ Repeat gba "every 8 days", kò di dandan kó jẹ́ ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago ìlú mìíràn náà ń da ọ̀pọ̀ rú, pàápàá ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ tàbí ẹbí ní Britain ṣèpàdé lórí fóònù. Láti Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú March títí di Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú October, aago kan náà ni London àti Èkó. Lẹ́yìn náà, Èkó á fi wákàtí kan ṣíwájú. Ìpàdé aago 6 ìrọ̀lẹ́ London tí ẹ kọ ní July bí aago 6 Èkó á di àṣìṣe ní November: aago 7 ni ó ń jẹ́ nílé nígbà náà. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ tẹ Time zone, ẹ yan London, kàlẹ́ńdà á máa ṣe ìyípadà náà fúnra rẹ̀.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún lálẹ́ ni iṣẹ́ tó kù sọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ: ẹ wo ọ̀la, ẹ wo ọjọ́ 7 tó ń bọ̀, ẹ pa ohun tó ti kọjá rẹ́, ẹ sún èyí tí kò ṣeé ṣe síwájú. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ohun kan tí ẹ kì í gbàgbé, bíi ìgbà tí ẹ bá ń ki fóònù bọ cháájì. Tó bá sì ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ẹ da tímútébù rẹ̀ kọ sórí bébà, ọjọ́, wákàtí àti gbọ̀ngàn, kí ẹ fi sínú báàgì tí ẹ ń gbé lọ. Wọ́n kì í jẹ́ kí fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ ó sì fẹ́ mọ èyí tó kàn kí ẹ tó délé.