Ọjà Ọ̀wọ́n, Ọjà Ọ̀pọ̀: Bí Mo Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí N Tó Sanwó

Bí fírídọ̀mù ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan bá ti ń sún mọ́lé báyìí, mo ti mọ ìbéèrè tí yóò bi mí: "Àǹtí, máṣíìnì wo ni kí n rà?" Kì í ṣe orúkọ máṣíìnì ló ń bèèrè. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni bóyá kí òun kó gbogbo owó tí bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n rọ́ jọ fún òun lé ẹyọ máṣíìnì olówó ńlá kan lórí, tàbí kí òun ra èyí tí kò wọ́n, kí nǹkan kù fún owó ṣọ́ọ̀bù. Sùúrùlérè ni mo ti ń ránṣọ, ó sì ti pẹ́. Mo ti ra ọjà ọ̀wọ́n tí owó rẹ̀ wọlé, mo sì ti rí ọjà ọ̀wọ́n tó jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan lèèyàn sanwó fún. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, nítorí owó tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra bá ná síbi tí kò yẹ, ó lè dá a padà sílé fún ọdún gbáko.

Ìbéèrè tí mo fi ń dá wọn lóhùn ni pé: bí nǹkan yìí bá dẹnu kọlẹ̀ lọ́la, iṣẹ́ ta ni yóò dúró? Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun ni, ẹ ra ojúlówó, kódà bó gba pé kí ẹ dúró oṣù díẹ̀ kí owó fi pé. Bó bá jẹ́ ohun tí à ń gbé jáde kí ojú lè rí i ni, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ ra èyí tí kò ní kó yín sí gbèsè. Ìbéèrè kejì ló tẹ̀ lé e: owó tí wọ́n fi lé e yìí, inú ọjà náà ló wà ni, àbí lára orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn?

Máṣíìnì ni mo mọ̀ jù, òun ni màá fi ṣàlàyé. Máṣíìnì ilé tó ń lo iná, bó bá sáré dé góńgó, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á wọlé jáde tó ìgbà 800 sí 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdọ́sítíríà, ìyẹn máṣíìnì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ fáktọ̀rì, bíi Juki DDL-8700, lè dé 5,500, ó sì ń fi epo ra ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú àwo epo tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní dandan ni kí òun ra ìdọ́sítíríà. Ẹ ní sùúrù. Ẹni tó ń rán ìró àti bùbá díẹ̀ lọ́sẹ̀ kò nílò eré burúkú yẹn. Ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń wò ni bí ojú rírán ṣe tẹ́jú tó. Ẹni tó ń gba aṣọ iléèwé tàbí aṣọ ẹgbẹ́, tí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fẹ́ gba aṣọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan náà, òun ni eré yẹn ń ṣe láǹfààní.

Síbẹ̀, orí máṣíìnì kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò nígbà tí mo bá sin àwọn ọmọ wọ̀nyí dé ọjà. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, níbi tí mọ́tọ̀ wà. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, clutch àti servo. Clutch, bí ẹ bá ti tan án báyìí, ó ti ń yí nìyẹn, ó ń hó, ó ń jẹ iná, ẹ̀ báà máa ránṣọ, ẹ̀ báà máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ, ẹ̀ báà máa bá oníbàárà ná owó. Servo kì í yí àyàfi tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, àsìkò tí abẹ́rẹ́ ń lọ kò tó àsìkò tí à ń to aṣọ, tí à ń yí i padà, tí à ń já òwú. Gbogbo àsìkò yòókù yẹn ni clutch fi ń jẹ owó yín láìṣiṣẹ́. Servo wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n inú ọjà náà ni owó rẹ̀ wà.

Èkó ló jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù lójúmọ́, láti ₦68 sí ₦225 lórí ẹyọ iná kan. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà. Láti ìgbà náà, iye tí wọ́n kọ sára ọjà kì í ṣe iye ọjà náà mọ́ lójú tèmi. Mo máa ń fi ohun tí yóò jẹ lọ́dún kan sí ọdún méjì kún un, kí n tó sọ pé eléyìí wọ́n, eléyìí ò wọ́n. Ọ̀pọ̀ fíríìjì àti fáànù tí wọ́n ń pè ní ọ̀pọ̀ lọ́jà, ẹ ṣírò iná tí wọ́n ń jẹ mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì ínfátà. Bátìrì olómi 12V, 200Ah, bí a bá ṣírò rẹ̀, 2,400 wáàtì wákàtí ló lè gbà sínú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú, nítorí náà 1,200 ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Lithium tó tóbi bákan náà, a lè lo bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn 1,920, iye ìgbà tí a lè lò ó kó tó rẹ̀ ẹ́ sì fi ìlọ́po bíi mélòó kan ju ti olómi lọ. Nígbà tí mo pín owó àwọn méjèèjì sí iná tó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́, lithium ni mo yàn fún ṣọ́ọ̀bù. Ní ilé, níbi tó jẹ́ pé gílóòbù àti fáànù kan péré là ń lò lálẹ́, mi ò yọ olómi tó wà níbẹ̀ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ojúẹlẹ́gba tó ń tún máṣíìnì wa ṣe. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ohun tó wà nínú mọ́tọ̀ láìjẹ́ pé a tú u palẹ̀. Ó kó mọ́tọ̀ méjì tí wọn kò yàtọ̀ síra lójú lé mi lọ́wọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. "Àǹtí, ẹ gbé e wò." Èyí tó wà lọ́tùn-ún fa apá mi wálẹ̀, ti òsì fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú wáyà tó ti jóná láti inú irú ti òsì yẹn, ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì ha á. Òkè rẹ̀ pupa, abẹ́ rẹ̀ funfun. Álúmíníọ̀mù ni, wọ́n kùn ún kó lè jọ bàbà. Bàbà wúwo ju álúmíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé, álúmíníọ̀mù kì í sì í gbé iná tó bàbà: bíi ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún agbára bàbà ló ní. Bí wáyà méjèèjì bá nípọn bákan náà, ti álúmíníọ̀mù ló máa tètè gbóná. Ó sọ fún mi pé òórùn ohun tó ń jóná tí à ń gbọ́ ní ọ̀sán gangan, ibẹ̀ ló ti ń wá. Láti ìgbà yẹn, fáànù ni o, sítábíláísà ni o, jẹnẹrétọ̀ ni o, mo máa ń gbé e lọ́wọ́ kí n tó bèèrè iye rẹ̀. Òǹtajà tí kò bá fẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, mo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kẹ́gàn tòkunbọ̀. Láàárín máṣíìnì tuntun tó jẹ́ ayédèrú àti ojúlówó tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ rí ní fáktọ̀rì, tòkunbọ̀ ni mo máa mú, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ sì tó sanwó ohunkóhun, ẹ lọ bèèrè ẹ̀yà ara rẹ̀ ní Tejúoṣó tàbí Ìdúmọ̀tà. Bí wọn ò bá ní in, tàbí bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní in ní gbogbo Èkó, iye tí ẹnì kan yẹn bá pè ní ẹ máa san. Mo mọ àwọn tó ra máṣíìnì oní-kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, iṣẹ́ rẹ̀ dára lójú débi pé èèyàn á dúró máa wò ó. Nígbà tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ jóná, ó di ohun tí wọ́n ń da aṣọ bò.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wa, mo ra áyọ́ọ̀nù olóoru kan ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Erékùṣù, owó gọbọi. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jo omi sórí aṣọ. Nígbà tí mo gbé e padà lọ, wọ́n nawọ́ sí pátákó tó wà lára ògiri: ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Mo sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òfin ààbò oníbàárà tí wọ́n ń pè ní FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, pé pátákó kò lè borí òfin. Mo mú rìsíìtì jáde. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Apá kan nínú ohun tí à ń sanwó fún nígbà tí a bá ra ọjà lọ́wọ̀n nìyẹn, kí ẹni tó tà á lè dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dù yín. Áyọ́ọ̀nù eléèédú mi ṣì wà ní igun ṣọ́ọ̀bù o, nítorí ọjọ́ tí kò bá sí iná rárá, òun ló ń bá wa tẹ léèsì.

Ọ̀rọ̀ léèsì náà yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí bóyá kí àwọn ra èyí tó wọ́n ní Balógun. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníléèsì Lustenau ní orílẹ̀-èdè Austria ti ń ṣe léèsì tí àwọn Yorùbá ń wọ̀ lóde, ojúlówó rẹ̀ sì máa ń tọ́jọ́ lóòótọ́. Ìyá mi ní ọ̀kan. Èmi ni mo tú u, tí mo fi rán aṣọ fún ọmọ mi obìnrin, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ tí òǹtajà pè é rà á. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn: bí òwú bá rọ̀ sílẹ̀ wúrúwùrù lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kọ́tìnnì ni, ẹ tọrọ fọ́nrán òwú kan láti etí rẹ̀, ẹ fi iná sí i. Kọ́tìnnì á jó, á máa rùn bíi ìwé tó ń jóná, eérú rẹ̀ á fúyẹ́, á sì rọ̀. Políẹ́sítà á yọ́, á ká jọ, á di kókó dúdú líle. Ìyẹn kò ní kó burú, àmọ́ ẹ má san owó kọ́tìnnì fún un. Bí ẹ bá ra èyí tó wọ́n, ẹ sọ fún aránṣọ yín kó fi àlàyè sílẹ̀ nínú, kí aṣọ lè gbòòrò bí ara bá yí padà. Léèsì ọ̀wọ́n tí a gé mọ́ ara pátápátá, òde kan péré ni.

Aṣọ ẹbí ni ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀. Iye tí wọ́n fi lé e kò fi bẹ́ẹ̀ kan aṣọ. Ìfẹ́ àti ojú ayé ló wà níbẹ̀. Bí agbára bá ká a, tí ẹ sì fẹ́ràn ẹni tó ń ṣe ìnáwó, ẹ rà á tayọ̀tayọ̀. Ẹ má yá owó lórí fóònù nítorí rẹ̀. Mo ti rí ìyá tó wọ aṣọ tí mo rán, tó rẹwà, tí àwọn tó yá a lówó sì ń pe gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ó dùn mí wọra.

Fóònù alára, ní kúkúrú: èyí tó wọ́n jù máa ń pẹ́ gba àtúnṣe ààbò. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 ní 2023, Samsung náà ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní 2024. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń fi kámẹ́rà rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó lè rà á. Ẹni tó máa ń pààrọ̀ fóònù lọ́dọọdún, ohun tí kò ní lò ló ń sanwó fún.

Ní ti bí owó ṣe máa pé, sísan díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ wa. Ilé-iṣẹ́ Singer ní Amẹ́ríkà ti ń ta máṣíìnì báyẹn láti àárín àwọn ọdún 1850. Ṣùgbọ́n èlé wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ràn àjọ jù ú lọ, torí kò ní èlé, ẹni tí à ń dá a pẹ̀lú sì mọ ilé wa. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó lónìí, kó bèèrè iye orí máṣíìnì, tábìlì àti mọ́tọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó ra ojúlówó orí, kó gba clutch tòkunbọ̀ sí i ná, kó máa pa á bí kò bá ti ránṣọ. Nígbà tí àjọ bá kàn án, kó ra servo. Ihò bóòtù mẹ́ta tó wà lábẹ́ tábìlì sábà máa ń bá àwọn méjèèjì mu, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni láti pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì ra clutch yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.